Abà Tí Mo Fi Abẹ Họ Kúrò Lórí Máàpù

Bí ẹnìkan bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo bá dáhùn pé máàpù ni mò ń yà, ojú tí wọ́n fi máa ń wò mí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa fi wo ẹni tó ní atẹ́gùn lòun ń dì tà. Ọmọ àbúrò mi kan tilẹ̀ sọ tirẹ̀ síta. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí inú fóònù ni máàpù máa ń wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú fóònù náà sì ni ìyá rẹ ti rí ọ.

Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ojú ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ máa kọ́ tàbí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ tèmi ná. Mi ò ní bẹ̀ yín kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìyẹn ṣì wà nínú iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, bàbá mi mọ ẹnìkan tó mọ ọ̀gá, wọ́n rí i pé ìkọ̀wé mi mọ́, ó parí. Owó tí wọ́n ń san náà kò ní ìtàn. Ẹni tó bá fẹ́ lówó kì í lọ jókòó ti tàdáwà.

Ọ̀gá wa ń jẹ́ Ṣótúndé. Súfèyọ̀ ni, ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ tó ti fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yìí láti Ìfọ̀ dé Ọ̀fàdà kí wọ́n tó la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó ga, ó gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé awò ìwọnlẹ̀ lé. Àwa mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé bí Ọlọ́run bá fún un ní ẹsẹ̀ kan sí i, a ò ní í ra ẹsẹ̀ awò mọ́.

Yàrá iṣẹ́ wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí rélùwéè Ìfọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, ilé á máa mì, gbogbo wa á sì gbé kálámù sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn tó fẹ́ búra ní kóòtù. Bó bá kọjá tán, a ó sọ kálámù kalẹ̀, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ìpara pa ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé àkàrà gun àtẹ̀gùn yẹn. Pépà tírésìn là ń lò, pépà kan tó mọ́ gaara tí èèyàn lè tẹ́ sórí máàpù kó sì máa rí tìsàlẹ̀ dà kọ. Bí epo bá kàn án pẹ́nrẹ́n, tàdáwà ò ní mú un mọ́ láéláé. Ọ̀gá a máa gbóòórùn ọwọ́ wa láàárọ̀. Mi ò purọ́ mọ́ ọn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní ká na ọwọ́, á gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Odindi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò ya ohunkóhun ju ìlà lọ. Ìlà méjì tó ń sáré pa pọ̀ fún ọ̀nà ọkọ̀, ìlà jíjá-jíjá fún ọ̀nà ẹsẹ̀, ìlà búlúù fún odò, àmì dúdú bíńtín fún ilé.

"Fọlákẹ́, kí nìyí?"

"Odò ni, sà."

"Ìfun adìyẹ ni. Tún un ṣe."

"Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, sà."

"A jẹ́ pé o ti pa adìyẹ mẹ́wàá. Ta ni kó jẹ wọ́n? Tún un ṣe."

Tàdáwà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rọ́bà. Bí o bá ṣì í yà, abẹ ni wàá mú, abẹ tí wọ́n fi ń fárùngbọ̀n, wàá máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fá orí ọmọ ìkókó, wàá wá fi èékánná dán ojú ibẹ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Mo mọ abẹ lò. Mo mọ̀ ọ́n lò ju àwọn méjèèjì tó ṣáájú mi débẹ̀ lọ, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n lò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní òfin kan lórí abẹ tó ju gbogbo òfin tó kù lọ. Kò sí ilé, kò sí abà, kò sí orúkọ tí a gbọdọ̀ họ kúrò lórí iṣẹ́ láìjẹ́ pé a ti débẹ̀ lọ bi arúgbó mẹ́ta, àwọn mẹ́ta náà kò sì gbọdọ̀ máa sùn nínú ilé kan náà. Ẹnu mẹ́ta ló ń pè é. Bó bá bá èèyàn nídìí abẹ, kì í bèèrè ohun tí onítọ̀hún ń họ. Ohun tó máa bèèrè ni, "Ẹnu mélòó?"

Ọjọ́ Sátidé la máa ń rìn. Ọ̀gá á ká máàpù àtijọ́ sínú ọ̀rá, èyí táwọn òyìnbó awọnlẹ̀ yà láyé àwọn bàbá wa, tí etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, a ó sì wọ igbó lọ. Lórí pépà yẹn, Mowe kò ju àmì dúdú bíi mélòó kan lọ, bí ẹni da ìdọ̀tí ẹnu kálámù sílẹ̀. Ibafo náà kò sàn jù ú. Ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ wà lónìí, igbó ni. Bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa láti máa bi pépà ní ìbéèrè, mo ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ dòní.

"Wo ibí yìí," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀nà ẹsẹ̀ mélòó ló pàdé níbẹ̀?"

"Márùn-ún, sà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀."

"Ọ̀nà márùn-ún kì í fẹsẹ̀ ara wọn lọ pàdé níbi tí kò ti sí nǹkan."

A rìn débẹ̀. Igi ńlá kan la bá, àti àpáàdì lóríṣiríṣi lábẹ́ ewé. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ro oko nítòsí ní ọjà ọrọọrún ló wà níbẹ̀ kí ọ̀nà ọkọ̀ tó fa ọjà lọ sẹ́bàá títì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ló kọ́ mi pé èèyàn lè yí òwe náà padà, kó fi ọ̀nà wá ọjà tó ti kú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Bó bá fi kún un pé kí n máa jẹ àkàrà, ì bá pé.

"Máàpù kì í parọ́," báyìí ló ṣe máa ń wí bí a bá ń padà bọ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n yà á nìkan ló mọ̀."

Ọdún kẹrin mi ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọ̀gá fẹ́ kí a da máàpù méjì pọ̀ sórí pépà tírésìn kan ṣoṣo, láti Mowe lọ dé ìhà Ọ̀fàdà, èyí tí a ó máa tẹ̀ jáde fún oníbàárà. Máàpù àkọ́kọ́ ni ti àwọn awọnlẹ̀ ayé àtijọ́. Èkejì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ya fọ́tò tí wọ́n fi ṣe é. Mo dà wọ́n kọ pọ̀, ó sì ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí mo dé etí odò kan tó ń jẹ́ Alákàn. Lórí máàpù àkọ́kọ́, Abà Dérìn wà ní ìwọ̀-oòrùn odò náà, pẹ̀lú àmì ilé méje. Lórí èkejì, Abà Dérìn wà ní ìlà-oòrùn odò, ìwọ̀-oòrùn sì ti di igbó. Orúkọ kan náà, òdìkejì ara wọn, bí ẹni tó dúró níwájú dígí.

Mo ti kọ méjèèjì sórí pépà kí n tó rí i pé kò bójú mu. Mo rò ó. Mo ní ó ti rẹ awọnlẹ̀ ayé àtijọ́ yẹn lọ́jọ́ náà, ó ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ odò tí òun wà. Fọ́tò ṣáà ni fọ́tò. Èyí tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kó lọ.

Ọ̀gá kò sí nílé. Ó ti lọ fún ìtọ́jú ojú l'Ábẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sọ, ó sì ti wí pé bí òun bá dé, kí òun bá iṣẹ́ náà ní píparí. Mo mọ òfin ẹnu mẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ pa á mọ́, mo ní láti wọkọ̀ dé Mowe, kí n gun ọ̀kadà, kí n wá fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ lọ sí Alákàn láàárín òjò oṣù kẹfà. Bẹ́ẹ̀ mo ra bàtà tuntun lọ́sẹ̀ náà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo ti wá àwíjàre tó dára ju ìyẹn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rí. Bàtà ni.

Mo mú abẹ. Mo họ àmì méje náà, mo họ orúkọ rẹ̀, mo fi èékánná dán ojú ibẹ̀. Kò sí ẹni tó máa wò ó lójú lásán tó máa mọ̀ pé nǹkan ti wà níbẹ̀ rí.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó tẹ́ pépà náà sórí tábìlì. Ó wò ó láti igun dé igun, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ó ní, "Ó mọ́."

Gbogbo ọdún tí mo lò lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ni ìyìn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ fún mi. Mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ọdún mọ́kànlá kọjá lórí rẹ̀. Ọjà ilẹ̀ ti ń gbóná ní ìhà Mowe nígbà náà, a ti kó yàrá iṣẹ́ wa kúrò n'Ífọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ̀dà pépà tírésìn yẹn sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ra ilẹ̀ láti fi kọ́ ẹ́sítéètì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan wọlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ méjì. Fìlà funfun ló dé, ẹrẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá Múfú ni wọ́n ń pè é, olórí Abà Dérìn. Kò jókòó.

"Ṣé ibí ni wọ́n ti ń pa abà?" ló fi kí wa.

Ọ̀gá dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. "Ẹ jókòó, bàbá. Abà wo ni wọ́n pa?"

"Tiwa ni. Àwọn tó ra ìwọ̀-oòrùn Alákàn ní ìwé yín ló sọ fún àwọn pé kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Katapílà wọn hú egungun jáde láàárọ̀ àná. Àwọn tí a sin síbẹ̀ ò tíì gbọ́ pé àwọn ò gbé ibẹ̀ rí."

"Ṣebí ìlà-oòrùn odò ni Abà Dérìn wà?"

"Ibẹ̀ ló wà báyìí. Ìgbóná ló lé àwọn bàbá wa sọdá, àìsàn tí wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Ilé ń ṣófo, ni wọ́n bá kó ohun tó ṣeé kó, wọ́n fi odò sáàárín ara wọn àti ibẹ̀. Abà kì í kúrò kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ bá wa sọdá. Òkú ò bá wa sọdá."

Ọ̀gá lọ fa pépà tírésìn náà yọ nínú àpótí, ó gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò hàn. Ní ojú ìmọ́lẹ̀, ibi tí mo họ fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ, ó funfun roboto bí àpá. Ó wò ó. Ó wá wò mí.

"Fọlákẹ́. Ẹnu mélòó?"

"Kò sí, sà."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹnu kankan kò sí níbẹ̀, sà. Mi ò lọ."

"Sọ fún wọn."

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Múfú, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ bàtà sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Dìde. Ìkúnlẹ̀ ò kún kòtò."

Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Katapílà ti hú bí ìlàjì ibẹ̀ kó tó bàjẹ́, wọ́n sì ti lọ sí Èkó lọ wá ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ti sọ fún wọn pé ibi yòówù tí wọ́n bá lè nawọ́ sí pé sàréè wà, òun á yọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè yọ gbogbo ilẹ̀ sílẹ̀ torí "bóyá." Nínú ẹbí wọn, ẹnìkan ṣoṣo ló kù láàyè tí wọ́n bí sí ìwọ̀-oòrùn odò. Màmá Ṣáféètù ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ókè-Aró. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń tọrọ ni kí òun rí ibi tí ìyá òun wà kí katapílà tó rí i.

"Nígbà wo ni wọ́n máa tún ẹ̀rọ náà ṣe tán?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Lọ́la, tàbí ọ̀tunla."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà gbé Màmá Ṣáféètù dé etí Alákàn. Ó ti ń bá ọlọ́kadà náà wí bọ̀ láti òkèèrè. "Rọra, ọkọ mi. Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ wò, mi ò tíì fẹ́ lọ bá a gbé."

Máàpù àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo ní ó ti rẹ ẹni tó yà á. Ó fi ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ ti la odò kọjá hàn, níbi tí odò ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀, a na ṣéènì gòkè, ìyẹn ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ wa, bí pépà ṣe wí, igbó sì là sí ilẹ̀ títẹ́ kan. Pèrègún hù níbẹ̀ lójú kan lójú kan. Igbó kì í gbin pèrègún fúnra rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń gbìn ín, fún ààlà, tàbí fún orí sàréè. Ẹni tí mo ní ó ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ odò tí òun wà kò gbàgbé nǹkan kan.

"Màmá, ilé yín ńkọ́?" ni mo bèèrè.

"Ẹ̀kẹta ni, béèyàn bá ti odò bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ fèrèsé."

Ara mi yá. Mo ka àmì dúdú lórí pépà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo wọn ọ̀nà tó jìn sí i, mo na ṣéènì. Ẹnu kòtò tí katapílà ti gbẹ́ ni ẹ̀wọ̀n náà tán sí. Ilẹ̀ pupa, omi òjò dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Múfú ṣí fìlà, ó tún dé e. Màmá Ṣáféètù ń wo kòtò náà bí ẹni tó ń wo ilé onílé.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Fọlákẹ́, àmì mélòó ló wà lórí pépà?"

"Méje, sà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ilé mélòó ló wà lábà yín?"

"Ẹ jẹ́ n kà á." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àwọn onílé ka ìka. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tán, ó yá ti Bàbá Múfú lò. Ilé méjìdínlógún.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ti kọ́ mi ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Níbi tí ilé bá ti fún mọ́ra, ẹni tó ń ya máàpù kì í ya gbogbo rẹ̀, ààyè kò sí. Á kàn fi àmì díẹ̀ sílẹ̀ pé èèyàn ń gbé ibí. Àmì kẹta kì í ṣe ilé kẹta. Mo tún ti gba pépà gbọ́ ju ẹnu lọ, ẹnu ọ̀hún sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ká máàpù náà," ni ọ̀gá wí. "Ó ti mú wa dé ibi tó mọ̀." Ó yí sí ìyá arúgbó. "Màmá, bí ẹ bá pọn omi bọ̀ láyé ọjọ́un, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń ráhùn."

"Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Òkúta kan wà tí a ti ń sinmi. Bí mo bá ti dúró níbẹ̀, ìyá mi á ti máa pariwo mi láti ojú fèrèsé." Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà sókè sódò. "Ojú ò lè mọ ọ́n mọ́. Ẹ gbé omi rù mí."

Bàbá Múfú ní kò ṣeé ṣe, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Màmá ní, "Múfú, èmi ni mo fi omi orí mi yìí wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ. Gbé omi rù mí."

A sọ̀ kalẹ̀ padà sí ìgbọ̀nwọ́ odò. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wọn bu omi sínú abọ́ ike kan, kò tó ìlàjì, a sì fi ìborùn rẹ̀ ṣe òṣùká. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò wo ilẹ̀, kò wo igi. Ó ń rìn bí ẹni tó ti rin ọ̀nà náà láàárọ̀ yẹn, ó sì ń kùn sínú gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó yà kúrò lórí ibi tí mo na ṣéènì gbà, ó gba apá ọ̀tún, ó gòkè títí, ó dúró.

"Ibí ni ọrùn ti máa ń dùn mí."

Bàbá Múfú fi àdá gbá ewé kúrò níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀, àárín rẹ̀ ti jẹ nítorí ìdí ìkòkò.

Ìyá náà sọ abọ́ kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ó yí ojú sí òsì. Pèrègún kan dá dúró níbẹ̀, ó ti di igi, àpáàdì ìkòkò àtijọ́ yí i ká. Ó rìn lọ bá a, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó jókòó. Ó sì kí i bí ọmọ tó ti ọjà dé.

"Ẹ kú ilé o."

Mo fi ṣéènì wọn ibẹ̀ sí etí kòtò, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Kò tó gígùn ẹ̀wọ̀n méjì.

Ẹ̀rọ náà dìde lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó yọ ìhà pèrègún yẹn sílẹ̀, ó wà láàárín ẹ́sítéètì náà dòní, wọ́n mọ ògiri kékeré yí i ká. Àwọn egungun tó ti inú kòtò jáde, inú sàréè kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀mù ṣe àdúà fún wọn pa pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni èwo. Ọ̀rọ̀ ti Màmá Ṣáféètù yanjú. Ti àwọn yẹn ò yanjú, kò sì sí òwe tí mo fẹ́ fi bò ó.

Nígbà tí a padà dé yàrá iṣẹ́, ọ̀gá gbé pépà tírésìn náà síwájú mi pẹ̀lú kálámù. Ó ní, "Kọ ọ́ padà."

Mo kọ ọ́. Ibi tí abẹ bá ti họ kì í gba tàdáwà bí ibi tí abẹ ò dé. Ó ń mu ún bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Gbogbo lẹ́tà Abà Dérìn wú, wọ́n ń fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sanra ju gbogbo orúkọ yòókù lórí pépà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi pépà tuntun da gbogbo rẹ̀ kọ, kó lè mọ́.

"Ó ti mọ́ rí," ló wí. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Odindi ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kálámù. Ìrìn nìkan ni mò ń rìn, tí mò ń jókòó ti àwọn arúgbó, tí mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo ní ìjìyà ni nígbà náà. Ọdún yẹn ni mo kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀, bàtà méjì ló sì gbó mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Téèpù rọ́pò ṣéènì. Awò tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀nà rọ́pò èyí tí a ń fi ojú yọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dé, ó ń sọ ibi tí èèyàn wà fún un kó tó mọ̀ pé òun ti sọnù. Kọ̀ǹpútà gba tábìlì wa jókòó. Mi ò bá wọn jà. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣàkíyèsí: abẹ a máa fi àpá sílẹ̀, bí èèyàn bá gbé iṣẹ́ sí ojú fèrèsé, á rí i. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀gá Ṣótúndé kú lójú oorun, ó gbó, ó tọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bùsáyọ̀ ló ni yàrá iṣẹ́ náà báyìí, súfèyọ̀ gidi ni, orí rẹ̀ pé. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Máàpù àtijọ́ wà lọ́dọ̀ mi, àwọn tó ń gbé ẹ́sítéètì ní Mowe àti Ibafo sì ti ń wá mi wá ní òpin ọ̀sẹ̀ pé ká jọ rìn, kí àwọn mọ ohun tó wà níbi tí àwọn ń gbé kí àwọn tó dé. Dókítà kan rí i pé àárín pálọ̀ òun gan-an ni ọ̀nà ẹsẹ̀ ọjà kan gbà kọjá. Ó ní abájọ tí àlejò ò fi í tán nílé òun.

Lóṣù tó kọjá, Bùsáyọ̀ pè mí. Ó ń kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ó sì dé orí pépà tírésìn tèmi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mà, orúkọ kan wà níbí tí tàdáwà rẹ̀ ti dà, Abà Dérìn, ní ìwọ̀-oòrùn Alákàn. Bẹ́ẹ̀ ó tún wà ní ìlà-oòrùn. Ó jọ pé wọ́n ṣì í kọ ni. Ṣé kí n nu èyí tó dọ̀tí yẹn kúrò?"

"Ẹnu mélòó?"

Ó ti gbọ́ òfin náà lẹ́nu mi, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. "Mà, níbo ni mo ti fẹ́ rí arúgbó mẹ́ta tó mọ Abà Dérìn lónìí?"

Màmá Ṣáféètù ti lọ. Bàbá Múfú ti lọ. Mo ka àwọn tó kù lọ́kàn mi títí mo fi dé orí ẹnìkan.

"O ti rí ọ̀kan," ni mo wí. "Èmi nìyí. Mo ní kí o má nù ún. Ó ku méjì."